Adìyẹ Tí Kò Lè Gbé Oúnjẹ Mì

  Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ gbé ìwé sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ súnmọ́ asọ̀rọ̀mágbèsì. Ọ̀rọ̀ adìyẹ ni mo mú wá lónìí.

Ẹlòmíràn lè wí pé, “Tíṣà, ṣé ọ̀rọ̀ adìyẹ tó ohun tí à ń sọ lórí rédíò?” Ó tó bẹ́ẹ̀, ó sì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adìyẹ kò tóbi, ṣùgbọ́n ilé tí kò bá ní i mọ̀ pé òun kò ní i. Òun ni owó ìpamọ́ tí ń rìn kiri ní ẹ̀yìnkùlé. Bí owó ìwé ọmọ bá dé láìròtẹ́lẹ̀, adìyẹ ni à ń mú lọ sí ọjà. Bí àlejò bá wọlé lójijì, adìyẹ ni kì í jẹ́ kí ojú ti onílé. Àwọn àgbẹ́gilére wa pàápàá mọ iyì rẹ̀. Ní Òsi ni Arẹ́ògún ti ṣiṣẹ́, àgbà gbẹ́nàgbẹ́nà tí òkìkí rẹ̀ kàn dé òkè òkun, tí ó sì kú ní 1954. Ní gbogbo ilẹ̀ Èkìtì tí iṣẹ́ náà ti gbilẹ̀, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà a máa gbẹ́ ọpọ́n ní àwòrán adìyẹ, kí a lè fi obì sínú rẹ̀ fún àlejò pàtàkì.

Ohun kan sì tún wà tí ó mú ọ̀rọ̀ yìí wúwo. Kì í ṣe gbogbo adìyẹ tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ni ó jẹ́ ti ẹni tí ń bọ́ ọ. Ẹ̀gbọ́n lè fún àbúrò ní àgbébọ̀ kan sìn, ìyá àgbà lè fún ọmọ-ọmọ rẹ̀, pé bí ó bá pamọ, kí wọn jọ pín in. Bí irú adìyẹ bẹ́ẹ̀ bá kú, kì í ṣe adìyẹ nìkan ni ó kú. Ẹni tí ó ni ín lè rò pé wọn pa á jẹ ni; ẹni tí ń sìn ín lè rò pé aláìsàn ni wọn gbé fún òun láti ìbẹ̀rẹ̀. Mọ̀lẹ́bí lè tìtorí rẹ̀ má kí ara wọn mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá mọ ohun tí ń pa adìyẹ, ó gba adìyẹ là, ó sì gba ẹbí là pẹ̀lú.

Àìsàn tí mo fẹ́ sọ lónìí ni àrùn ọ̀fun, èyí tí àwọn oníṣègùn ẹran ń pè ní canker. Bí ó ti máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ẹ da àgbàdo sílẹ̀ ní òwúrọ̀, gbogbo adìyẹ sáré wá. Ọ̀kan nínú wọn sáré wá pẹ̀lú, nítorí ebi ń pa á. Ó ṣa ẹyọ kan, ó gbọn orí, ó sì tu ú sílẹ̀. Ó tún ṣa òmíràn, ó na ọrùn síwájú bí ẹni tí egungun há ní ọ̀fun, kò gbé e mì. Itọ́ ń yọ ní etí àgógó rẹ̀. Bí ẹ bá súnmọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ ń rùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, bí ẹ bá fi ọwọ́ kan àyà rẹ̀, egungun ibẹ̀ ti mú bí ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Adìyẹ náà fẹ́ jẹun, oúnjẹ sì wà níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ebi ni yóò pa á kú.

Àwọn àgbà wí pé adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: adìyẹ kì í làágùn rárá, bí oòrùn bá mú un, ẹnu ni ó ń yà sílẹ̀ tí ó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ṣùgbọ́n òtítọ́ ni ohun tí òwe náà ń sọ. Ìyẹ́ a máa bo àìsàn mọ́lẹ̀. Nígbà tí ojú onílé bá fi máa rí i pé adìyẹ ti rù, àìsàn náà ti pẹ́ lára rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe wo ìyẹ́. Ẹnu ni kí ẹ wò.

Bí a ti ń wò ó nìyí. Kí ẹni méjì ṣe é. Kí ẹnìkan fi aṣọ gbá adìyẹ mọ́ra pẹ̀lú sùúrù, kí ìyẹ́ apá rẹ̀ má lè gbọ̀n. Kí ẹnìkejì rọra la àgógó rẹ̀ ní ojú oòrùn, tàbí kí ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ẹnu adìyẹ tí ara rẹ̀ dá a máa pọ́n wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó sì máa ń tutù. Ti adìyẹ tí àrùn yìí bá mú kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ó rí ohun kan tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tàbí tí ó funfun, tí ó ki bí èérún wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń kiri. Ó lè lẹ̀ mọ́ ahọ́n, mọ́ àjà ẹnu, tàbí kí ó dí ọ̀fun. Nígbà mìíràn ó máa ń sọ̀kalẹ̀ dé àpò tí adìyẹ ń kó oúnjẹ sí ní ọrùn. Òun ni ó di ọ̀nà oúnjẹ. Bí ó bá sì pọ̀ jù, yóò di ọ̀nà èémí pẹ̀lú.

Kí ni ó fa á? Kì í ṣe egungun, kì í ṣe ojú burúkú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀dá kékeré kan ni, tí ojú lásán kò lè rí, àfi pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ará Ítálì kan tí ń jẹ́ Rivolta ni ó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1878. Orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ni Trichomonas gallinae. Ó ní okùn tín-ín-rín mẹ́rin ní iwájú, bí irun, tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́ nínú itọ́ ẹyẹ. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sí ọkàn nípa rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ìgbàlà wà: inú ohun tútù nìkan ni ó lè gbé. Kò ní èèpo líle tí ó lè sá sí. Bí ibi tí ó wà bá ti gbẹ, ó kú.

Báwo wá ni ó ṣe ń ti ẹnu ẹyẹ kan dé ẹnu òmíràn? Omi ni. Ẹyẹ tí ó sì máa ń gbé e kiri jùlọ ni ẹyẹlé, òun pẹ̀lú àdàbà tí í ṣe ìbátan rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹyẹlé ni ó ní ẹ̀dá yìí ní ọ̀fun tí kò sì ṣe wọn ní nǹkan kan. Ìyá àti bàbá ẹyẹlé a máa pọ oúnjẹ kan bí wàrà láti inú àpò ọrùn wọn sí ẹnu ọmọ, ibẹ̀ ni ọmọ ti ń gbà á. Lẹ́yìn náà, ẹyẹlé bà sílẹ̀ ní àgbàlá, ó ti ẹnu bọ àwo omi adìyẹ, ó mu, ó fò lọ. Itọ́ rẹ̀ kù sínú omi. Adìyẹ wá, ó mu nínú rẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ òwe pé ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kí ó bá onílé mu, kí ó wá di ọjọ́ ikú kí ó yẹrí. Òwe ìdúróṣinṣin ni, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tìtorí ọ̀rọ̀ mi lé ẹyẹlé rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ní ti àwo omi adìyẹ, bíbá onílé mu yìí gan-an ni ewu. Kí ẹyẹlé ní àwo tirẹ̀, kí adìyẹ ní tirẹ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a ṣọ́ra jùlọ, nígbà tí omi bá wọ́n, tí gbogbo ẹyẹ inú igbó àti ti ilé ń pàdé nídìí àwo kan ṣoṣo.

Ẹ má rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn fẹ́ràn láti máa gbé oúnjẹ àti omi sí ọgbà fún àwọn ẹyẹ kéékèèké. Ní 2005, wọn rí i pé ẹ̀dá ọ̀fun yìí ti bọ́ sára ẹyẹ kékeré kan tí wọn ń pè ní greenfinch. Láti 2006 lọ, àwọn ẹyẹ náà ń kú lọ rẹpẹtẹ nídìí àwọn àwo tí a fi ìfẹ́ gbé kalẹ̀ fún wọn. Nígbà tí ó fi máa di 2021, wọn ti kọ orúkọ ẹyẹ náà sínú ìwé àwọn tí ó wà nínú ewu jùlọ ní ilẹ̀ náà. Ẹ rí i pé inú rere nìkan kò tó. A gbọ́dọ̀ máa fọ àwo.

Ẹ̀yin ọmọdé, èyí ni ti yín. Ní ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà, egungun ẹranko ńlá ayé àtijọ́ kan wà tí wọn ń pè ní Sue, ti irú Tyrannosaurus rex, tí wọn wú jáde láti inú ilẹ̀ ní 1990. Ihò wà ní egungun àgbọ̀n rẹ̀. Ní 2009 àwọn onímọ̀ kan kọ̀wé pé ihò wọ̀nyí jọ irú èyí tí àrùn ọ̀fun ẹyẹ ń dá sí àgbọ̀n ẹyẹ òde òní. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn náà kò sì tí ì tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ni fún wa pé ohun tí ojú kò rí kì í bẹ̀rù ohun tí ó tóbi.

Ó yẹ kí a ṣọ́ra kí a má ṣe fi orúkọ àrùn kan pe òmíràn, nítorí oògùn wọn kò dọ́gba. Èkíní ni ṣọ̀pọ̀nná adìyẹ. Òun náà lè fi nǹkan funfun sí ẹnu adìyẹ, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà ẹ ó rí èépá dúdúdúdú ní ogbe orí rẹ̀ àti ní ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀. Ẹ̀fọn ni ó máa ń gbé e kiri, oògùn ọ̀fun kò sì ràn án. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni ó ń dènà rẹ̀. Èkejì ni àìjẹ ewé tútù tó. Adìyẹ tí a sé mọ́ inú àgò tí kò rí ewé jẹ lè ní kókó funfun wẹ́wẹ́ ní ẹnu àti ní ọ̀fun, nítorí àìtó fítámì A. Tẹ̀tẹ̀ àti àwọn ewé tútù mìíràn ni ó nílò.

Ẹ̀kẹta ni lúkúlúkú, èyí tí ó burú jùlọ nínú wọn. Lúkúlúkú kì í mú ẹyọ kan kí ó fi èyí tí ó kù sílẹ̀. Láàrin ọjọ́ mélòó kan ó lè gbá gbogbo àgbàlá mọ́: ìgbẹ́ gbuuru aláwọ̀ ewé, èémí tí ń han, ọrùn lílọ́, lẹ́yìn náà ikú. Ìlú Ìbàdàn ni wọn ti kọ́kọ́ fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ní nǹkan bí 1952. Kò ní oògùn tí ń wò ó, ṣùgbọ́n ó ní àjẹsára. Ilé-iṣẹ́ ìwádìí àrùn ẹran tí ó wà ní Vom, nítòsí Jos, tí wọn dá sílẹ̀ ní 1924, ń ṣe èyí tí a lè kán sí ojú adìyẹ ìbílẹ̀. Àrùn ọ̀fun kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Ẹyọ kan, ẹyọ méjì ni ó máa ń mú, ó sì máa ń fún onílé láyè láti ṣe nǹkan.

Ó dára, ẹ ti la ẹnu adìyẹ, ẹ sì ti rí ohun tí ó jọ wàrà. Kí ni ṣíṣe?

Èkíní, ẹ yà á sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àgò tirẹ̀, àwo tirẹ̀, omi tirẹ̀. Kí ẹ sì kọ́kọ́ bọ́ àwọn tí ara wọn dá, kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Èkejì, ẹ má ṣe fi igi, ìgbálẹ̀ tàbí èékánná ha nǹkan náà kúrò. Ó ti ta gbòǹgbò sínú ẹran ọ̀fun. Bí ẹ bá fà á já, ẹ̀jẹ̀ yóò ya, adìyẹ náà sì lè kú sí yín lọ́wọ́. Ẹ má ṣe da kẹrosíìnì tàbí omi ata sí i lẹ́nu. Ọ̀fun tí ó ti bó ni ẹ fẹ́ da iná sí yẹn.

Ẹ̀kẹta, ẹ má jẹ́ kí ebi pa á. Ẹ fún un ní oúnjẹ tí kò nílò agbára láti gbé mì: ẹ̀kọ tí a fi omi lò, tàbí èérí àgbàdo tí a rẹ títí ó fi rọ̀. Díẹ̀ díẹ̀ ni kí ẹ fún un. Bí kò bá lè mì ín fúnra rẹ̀, ẹ má ṣe rọ ọ́ sí i lọ́fun, kí ó má ba à gba ọ̀nà èémí.

Ẹ̀kẹrin, ẹ lọ rí oníṣègùn ẹran. Ẹ bèèrè ní ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn ìjọba ìbílẹ̀ yín, ní Àràrọ̀mí-Ọ̀pin fún ẹ̀yin ará Èkìtì, ní Ìlọ́fà fún ẹ̀yin ará Òkè-Ẹ̀rọ. Ilé ìwòsàn ẹranko tún wà ní Yunifásítì Ìlọrin. Ó sàn kí ẹ gbé adìyẹ náà dání, nítorí itọ́ ọ̀fun rẹ̀ ni wọn yóò fi òwú mú, tí wọn yóò wò lábẹ́ ẹ̀rọ. Bí itọ́ náà bá ti gbẹ, ẹ̀dá náà yóò ti kú, a kò sì ní rí nǹkan kan.

Níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ tẹ́tí dáadáa. Oògùn tí ń pa ẹ̀dá yìí wà. Metronidazole ni, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀ sí Flagyl, tí àwa ènìyàn ń lò fún inú rírun kan. Nítorí pé ó wà nínú ilé, ó rọrùn láti wí pé, “Ẹ jẹ́ kí a já ọ̀kan fún adìyẹ.” Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ìdí méjì.

Ìdí kìíní jẹ́ ti ìṣirò. Ènìyàn tí ó wọn 60 kílò ni wọn ṣe oògùn náà fún. Adìyẹ ìbílẹ̀ máa ń wọn kílò kan, tàbí kí ó lé díẹ̀. Hóró kan tí ó jẹ́ 200 miligíráàmù lè pọ̀ ju ohun tí oníṣègùn máa ń fún ẹyẹ kílò kan lẹ́ẹ̀kan lọ. Bí ó bá pọ̀ jù, ó máa ń dé ọpọlọ: adìyẹ á máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, á máa gbọ̀n. Bí ó bá kéré jù, tàbí tí a dá a dúró ní ọjọ́ kejì nítorí pé adìyẹ ti ń jẹun, àrùn náà yóò padà, oògùn lè má sì ràn án mọ́. Kí oníṣègùn ṣírò rẹ̀, kí ẹ sì lò ó dé ọjọ́ tí ó dá fún yín.

Ìdí kejì jẹ́ ti ẹ̀rí-ọkàn. Oògùn tí adìyẹ jẹ máa ń wọ inú ẹyin àti ẹran rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà àti ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin kò gbà kí a fi metronidazole tọ́jú ẹran tí a óò jẹ, nítorí ìbẹ̀rù pé ó lè ṣe àwọn tí ó bá jẹ ẹ́ ní jàǹbá. Nítorí náà, kí ẹ tó tọ́jú adìyẹ, ẹ bi ara yín pé kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe. Ẹ sọ fún oníṣègùn bí ó bá ń yé ẹyin tí ẹ ń jẹ tàbí tí ẹ ń tà. Bí ó bá wí pé kí ẹ lò ó, ẹyin adìyẹ náà kò gbọdọ̀ wọ ìkòkò ọbẹ̀ yín, kò sì gbọdọ̀ dé ọjà. Bí ó bá ti pẹ́ jù, tí ọ̀fun ti dí pátápátá, ó lè gbà yín ní ìmọ̀ràn pé kí ẹ má jẹ́ kí ó jìyà mọ́. Ìyẹn pẹ̀lú jẹ́ àánú.

Ohun tí ó le jùlọ ni ìdánwò ọjọ́ ọjà. Adìyẹ rù, ó ń ṣàìsàn, ọjà sì kù ọ̀la. Ọkàn á wí pé, “Gbé e lọ tà kí ó tó kú. Ìyẹ́ bò ó, ta ni yóò mọ̀?” Ẹ̀yin ará mi, ẹni tí ó bá rà á yóò gbé e sí àárín adìyẹ tirẹ̀, yóò sì jọ mu omi pẹ̀lú wọn. Bóyá owó ìwé ọmọ tirẹ̀ ni ẹ pa yẹn. Bí ó bá sì jẹ́ adìyẹ tí a gbà sìn ni, ẹ tètè ránṣẹ́ sí ẹni tí ó ni ín nígbà tí ó ṣì ń mí, kí ó fi ojú ara rẹ̀ wo ọ̀fun rẹ̀. Ẹni tí a pè wò àìsàn kì í bèèrè ibi tí òkú wà.

Bí ó bá kú, ẹ má ṣe jẹ ẹ́, ẹ má sì jù ú sí odò tàbí sí ààtàn. Ẹ wa kòtò jíjìn, kí ẹ sin ín. Àrùn ọ̀fun yìí kì í ṣe àrùn ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lọ sí ilé ìwòsàn kò lè mọ ohun tí ó pa adìyẹ rẹ̀ dájú. Gbogbo wa ni a rántí 2006, nígbà tí àrùn lùkúlùkú àwọn ẹyẹ tí ń pa ènìyàn ní àwọn ilẹ̀ mìíràn wọ Nàìjíríà, tí wọn kọ́kọ́ rí i ní Ìpínlẹ̀ Kàdúná. Nígbàkúùgbà tí ẹ bá fi ọwọ́ kan adìyẹ, ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.

Ní ti àwọn adìyẹ tí ó kù, iṣẹ́ wọn kò nira, ọmọ ilé-ìwé lè ṣe é. Ní òwúrọ̀, kí ó da omi àná nù. Kí ó fi ọṣẹ àti kànìnkànìn fọ àwo náà, kí ó sì dojú rẹ̀ kọ oòrùn títí yóò fi gbẹ fúúfúú. Ẹ rántí ohun tí mo ní kí ẹ fi sí ọkàn: bí ó bá ti gbẹ, ó kú. Bí ilé bá ní àwo méjì, kí ọ̀kan máa gbẹ nígbà tí a ń lo èkejì. Kí a gbé àwo omi sí abẹ́ àtíbàbà, níbi tí ẹyẹlé àti àdàbà kò ti ní rí i láti òkè. Kí a má sì da oúnjẹ tí ó pọ̀ ju èyí tí adìyẹ lè jẹ tán sílẹ̀, nítorí àjẹkù ni ó ń pe ẹyẹ igbó wá sí àgbàlá.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ń gbọ́ mi, ní òwúrọ̀ ọ̀la, kí ẹ tó wọ aṣọ ilé-ìwé, ẹ lọ wo àwo omi adìyẹ tí ó wà ní ilé yín. Bí ó bá ń yọ̀ nínú, iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá rí ọmọ tí ń fọ àwo adìyẹ láìjẹ́ pé ẹ rán an, ẹ jọ̀wọ́, ẹ yìn ín.

Ó dìgbà kan ná. Kí Olódùmarè bá wa dá ẹ̀mí ènìyàn àti ti ohun ọ̀sìn sí. Ó dàárọ̀ o.